Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn Ikọ̀ Hurling (eré ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kékeré ti ilẹ̀ Ireland) ti Agbègbè Offaly
A ń rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ má ṣe kẹ̀yìn sí ikọ̀ wa nínú ìdíje Leinster tó wà ní ìpele gíga jù lọ, níbi tí ikọ̀ tó bá ṣe ìkẹyìn yóò ti já sí ìdíje Joe McDonagh, ìyẹn ìpele kejì. Ojú wa ti rí i rí: a já ní 2018, a tún já sí Christy Ring, ìyẹn ìpele kẹta, ní 2019, àwa tí a gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Ireland ní 1981, 1985, 1994 àti 1998! Àwọn ọ̀dọ́ tó fàgbà han ikọ̀ agbègbè Tipperary nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní 2024 ni a fi ń tún ikọ̀ náà kọ́, nítorí náà, ẹ ní sùúrù fún wọn. Ẹ san owó ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì máa wá wo eré wa ní ìlú Tullamore, kódà bí òjò bá ń rọ̀.
Akọ̀wé ẹgbẹ́