Ta Ló Ń Yálé Gbé Nínú Yín?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde. Inú ń bí mi, bí mo bá sì pa á mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò dà sí mi lára.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Ágríìkì, Ìkòròdú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ejẹ́ńtì kan pè mí pé kí n gbé irinṣẹ́ mi wá, kí n bá òun yọ ilẹ̀kùn kan ní Òwútù. Mo rò pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Mo ti tú hínjì méjì nínú mẹ́ta kí n tó gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá. Mo yọjú. Obìnrin kan jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo, ọmọ rẹ̀ sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀kùn tó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá káfíńtà, ẹ jẹ́ kí n ṣa ẹ̀wà yìí tán ná."

Kò sunkún, kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ejẹ́ńtì ní obìnrin náà jẹ owó ilé oṣù méjì. Mo de hínjì padà, mo dá owó mọ́tò tó fún mi padà fún un, mo ní kí obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n ká máa lọ.

Ibo la lọ? Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tó ní òun ń jà fún ẹ̀tọ́ ayálégbé, tí kò jìnnà sí Sábó. N ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n mọ ara wọn. Pátákó wọn tóbi ju ilẹ̀kùn wọn lọ, àgádágodo la sì bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì ìpè níwájú ibẹ̀ ní láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ làwọn bọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ náà, ò ti jókòó, bí mẹ́rin nínú wọn ò bá sì fọwọ́ síwèé, kò sí ẹni tó lè rí lọ́yà gbà níbẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó. Ọ̀gá kan gbé e, ó tiẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. Ó bi mí pé ilé ta ni. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ lọ bẹ láńlọ́ọ̀dù yẹn, ọmọlúàbí ni, ẹgbẹ́ kan náà la jọ wà." Ó ní kí n má sì gbàgbé pé ọ̀fẹ́ làwọn ń ṣe é, àwọn ò gbowó.

Àwọn ò gbowó! Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi gbé bírò. Ṣé ẹni tí kò gbowó kò lè ba iṣẹ́ jẹ́ ni? Bí onígbàjámọ̀ bá fá orí mi lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì gé mi létí, ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ni? Àìgbowó yẹn gan-an, kì í ṣe wọ́n ló ṣe wá lóore. Òfin CAMA ti ọdún 2020, tó ń darí ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, sọ pé owó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ àpò ọmọ ẹgbẹ́ bí èrè. Ohun tí òfin ti là sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ìwà rere bò wá lójú.

Ní Sátidé, mo rí àwọn bọ́ọ̀dù náà. Gbọ̀ngàn kan ló gbé mi níṣẹ́ àga títúnṣe, àwọn ni wọ́n sì ń fún ní àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀. Gbogbo wọn pé, mẹ́sàn-án, léèsì kan náà lọ́rùn wọn. Àwọn tí kò pé mẹ́rin láti fọwọ́ síwèé lọ́yà pé mẹ́sàn-án láti ya fọ́tò.

Mo wò wọ́n títí. Èmi tí mò ń ṣe ilẹ̀kùn àti wíńdò kiri ìlú yìí, mo mọ ilé ta ni ilé ta. Nínú mẹ́sàn-án yẹn, mo ti ṣiṣẹ́ nílé márùn-ún, ilé àfirẹ́ǹtì sì ni gbogbo rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù ni wọ́n! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ta ló fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹjọ́ nítorí obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà ní Òwútù?

Kì í sì í ṣe pé òfin ò sí. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti 2011, láyé Gómìnà Fáṣọlá. Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọn ò yọ Ìkòròdú. Ó ní láńlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ẹ wá sọ fún mi, ejẹ́ńtì wo ní Ìkòròdú ni kò bi yín léèrè owó ọdún méjì? Ó ní ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé jáde lè san owó ìtanràn tó tó ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà. Kódà lẹ́yìn nótíìsì, adájọ́ ló lè ní kí èèyàn kó jáde, kì í ṣe káfíńtà. Bí mo bá yọ ilẹ̀kùn yẹn, èmi náà ìbá wà nínú ẹjọ́! Àwọn tí ìjọba fi síbẹ̀ láti bójú tó òfin yìí ń sùn, wọ́n ń jí, wọ́n ń gba owó oṣù, ọjọ́ ìbò nìkan la máa ń rí wọn ní Ìkòròdú.

Àtúnṣe tí mo ní kò le. Kí ìdajì bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ yẹn jẹ́ ayálégbé. Mi ò sọ pé ẹni tó yálé gbé rí ní 1985 o, ẹni tó ń yá a lọ́wọ́ báyìí ni, kó mú rìsíìtì owó ilé ọdún yìí wá kí wọ́n tó fi í jẹ. Kí wọ́n mú ọ̀kan láàárín àwọn ìyá ọjà Sábó, ọ̀kan láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ Odogunyan, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH, yunifásítì tó wà ní Ìkòròdú níbí, tí ejẹ́ńtì ń fi ojú wọn rí màbo. Kí ìpàdé má bọ́ sí aago mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́rú mọ́, ìgbà tí kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó lè wá. Aago mẹ́rin ọ̀sán Sunday ló dáa. Kí kálukú kọ iye ilé tó ní sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọlé, bí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ tàbí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì dé, kó dìde jáde. Ọwọ́ ayálégbé méjì ti tó láti fi gba lọ́yà. Wọ́n máa ní ayálégbé ò ráyè. Irọ́ ni! Èsúsú tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà, ta ní ń san owó oṣù fún olórí rẹ̀? Síbẹ̀, ọjọ́ kò yẹ̀ rí. Bí àga bá ni ìṣòro wọn, èmi yóò kan bẹ́ńṣì mẹ́rin fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà sọ pé lọ́hùn-ún, tí òfin ti ka ojúsàájú nínú ilé yíyá léèwọ̀ láti 1968, ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, irú ẹgbẹ́ yìí máa ń rán èèyàn méjì lọ wo ilé kan náà, aláwọ̀ funfun kan, aláwọ̀ dúdú kan, láti mọ èsì tí wọ́n máa fún kálukú. Kí tiwa náà rán ọmọge kan àti bàbá oníyàwó kan. Ilé mẹ́ta ni obìnrin Òwútù yìí wò tí wọ́n ní àwọn ò gba obìnrin tó ń dá gbé.

Kí wọ́n sì máa júwe ọ̀nà Citizens' Mediation Centre ti ìjọba fún aráàlú, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń parí ìjà níbẹ̀. Ibẹ̀ la padà lọ ní Monday, wọ́n sì ti fún wa lọ́jọ́.

Obìnrin náà ṣì wà nínú yàrá rẹ̀ lónìí tí mò ń kọ̀wé yìí. Skúrúù tó gùn ni mo fi de hínjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ejẹ́ńtì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, n ò gbé e.

Èmi ni,
Káfíńtà tó ń yálé gbé,
Ágríìkì, Ìkòròdú.