Kí a tó dá owó lé ọkọ̀ fún yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Ọ̀pọ̀ yín ń fi fọ́tò ọkọ̀ láti Copart àti IAAI, àwọn ilé gbàǹjo ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ sí wa: "Camry yìí ò ju 3,000 dọ́là lọ, kí ló dé tí ẹ ò tíì rà á?" Èsì wa rèé.

3,000 yẹn kì í ṣe owó ọkọ̀. Gbàǹjo fúnra rẹ̀ ní owó tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà, ó ní owó ẹnu géètì àti owó ìwé. Ẹ wá ro owó tírélà dé èbúté, owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, àti ti ẹni tó máa bá yín gbà á jáde ní Tin Can tàbí Àpápá. Ọkọ̀ tó wà ní Houston ti sún mọ́ omi. Èyí tó wà ní Denver yóò kọ́kọ́ la ìpínlẹ̀ kọjá. Láti ọdún 2022 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń fi VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, díye lé ọkọ̀, torí náà pé ẹ rà á ní pọ́ọ́kú kò ní kí owó rẹ̀ ní èbúté kéré.

Àkọlé "Run and Drive" tí gbàǹjo ń kọ sára ọkọ̀ tún ń tan èèyàn. Ohun tó ń sọ ni pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé ọgbà wọn, ó sitáàtì, ó wọ jíà, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sún. Kò ṣèlérí pé ó lè dé òpin àdúgbò.

Èyí tí a kì í rà rárá, bí ẹ tilẹ̀ bẹ̀ wá, ni ọkọ̀ tí omi ti wọ̀. Irú wọn pọ̀ lẹ́yìn ìjì Harvey ní Texas lọ́dún 2017 àti Ian ní Florida lọ́dún 2022. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè máa dún dáadáa. Inú wáyà ni wàhálà wà: ọ̀pọ̀ ibi tí wáyà ti so pọ̀ wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti ìjókòó, kọ̀ǹpútà airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde lọ́jọ́ ìjàǹbá) sì sábà máa ń wà nílẹ̀ láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì. Omi á gbẹ, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gíláàsì kò ní gòkè mọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á máa tàn láìnídìí, rẹ́wáyà á sì máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Omi òkun ló burú jù, nítorí iyọ̀.

Àwọn kan máa ń gbé ìwé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà kí àmì ìbàjẹ́ lè kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wo ìtàn VIN nínú Carfax tàbí AutoCheck, a sì ń wo ti NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ìnṣọ́ránsì ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì lè má hàn níbẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fọ́tò dáadáa: ẹrẹ̀ nínú ihò tí sípíà táyà ń wà ní búùtù, ìpẹtà lára irin abẹ́ ìjókòó, ìkùukùu nínú iná iwájú.

Bí airbag bá ti tú, kì í ṣe àpò afẹ́fẹ́ yẹn nìkan lẹ máa rà. Bẹ́líìtì ìjókòó tó fà lọ́jọ́ ìjàǹbá àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nínú ìnáwó náà. Àwọn kan máa ń yọ gílóòbù iná airbag lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ má baà mọ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, iná airbag gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹ má gbé ọmọ yín sínú ọkọ̀ náà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ sọ gbogbo owó tí ẹ fẹ́ ná títí ọkọ̀ á fi dé ẹnu ọ̀nà yín. Àwa á yọ gbogbo ìnáwó yòókù kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù la máa fi dá owó lé e, a ò sì ní kọjá rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá kọ "On Approval" sí, ẹni tó ni ọkọ̀ ṣì lè kọ owó wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa ló ga jù, torí náà ẹ má tíì pe mẹ́káníìkì. Ẹ fi nọ́ńbà lot (èyí tí gbàǹjo fún ọkọ̀ náà) àti VIN ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán, kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa tiyín ní tòótọ́.