Lẹ́tà Ìbẹ̀rẹ̀ Sáà Sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́ Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìmúra sáà tuntun, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ẹ káàbọ̀.

Ní sáà tó kọjá, mo ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ọdún mẹ́rin kan. Lẹ́tà "a" mẹ́wàá tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ìlà, ọ̀kan kò wọ́ níbẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó ní, "Dádì ni. Wọ́n ní mo ti ń pẹ́ jù." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀. "A" wíwọ́ tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni tíṣà ń wá. Òun la fi ń mọ ibi tó yẹ ká ti ràn án lọ́wọ́.

Ẹ fi ìkọ̀wé sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ sísọ ni kí ẹ fi ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí etí ọmọ ò gbọ́ rí, ó ṣòro kí ojú rẹ̀ tó dá a mọ̀ nínú ìwé. Tó bá dé, tí ẹ bi í pé kí ló ṣe lónìí, tó ní "kò sí," ẹ bi í léèrè ẹni tó jókòó tì í àti ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Kí ẹ wá dákẹ́ dè é. Ọmọdé máa ń pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ tó ń wá, àwa àgbà a sì ti bá a sọ ọ́ tán. Èdè tó bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu jù ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má torí ilé-ìwé pa á tì.

Ìwé kan ṣoṣo tó ń gbé wá bá yín lálaalẹ́ ńkọ́? Ẹ kà á fún un. Mo mọ̀ pé ó ń súni. Èmi náà ti ka ìtàn ewúrẹ́ kan títí ó fi há sí mi lórí. Ẹ dúró láàárín gbólóhùn, kí òun parí rẹ̀. Òbí tí kò kàwé lè ṣí àwòrán, kí ọmọ máa ròyìn ohun tó rí.

Ẹ jẹ́ kó de bọ́tìnnì ara rẹ̀. Ìka yẹn náà ló ń bọ̀ wá di pẹ́ńsùlù mú.

Ní ti oorun, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa sùn fún wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, kí jíjókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù má sì ju wákàtí 1 lọ. Ọmọ tí kò sùn dáadáa kì í fara sin nínú kíláàsì: kó tó di aago mẹ́wàá, orí rẹ̀ ti wà lórí tábìlì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ wá bá ọmọ yín jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ jọ̀ọ́. Àga wa kéré, ṣùgbọ́n yóò gbà yín. Ẹni tí iṣẹ́ kò bá yọ̀ǹda lè rán ẹ̀gbọ́n ọmọ tàbí ìyá àgbà. Kí ẹ mú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá dání, pẹ̀lú gbogbo "a" wíwọ́ inú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ìwé