Àjàní, bèèrè QNH kí o tó dé Wales

Àjàní ọkọ mi,

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìwọ àti bàlúù Cessna kékeré yẹn. Gbogbo àwọn ìyá ìjọ wa ni mo fi hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fò láti ìlà oòrùn England lọ wo òkè Snowdon ní Wales lọ́jọ́ Sátidé, oorun ò kùn mí mọ́.

Mo fọkàn tán ọ. Àmọ́ ọdún 29 ni mo fi jókòó nínú ilé ìṣọ́ pápákọ̀ òfurufú, tí mò ń ka QNH fún àwọn awakọ̀ bàlúù, ìyẹn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ní ojú òkun tí wọ́n fi ń ṣètò áltímítà, ẹ̀rọ tó ń sọ bí bàlúù ṣe ga tó, mo sì mọ ibi tí àṣà ilé ti lè tàn ọ́ jẹ.

Nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, o máa ń sọ pé QNH ò yàtọ̀, 1012 lónìí, 1013 lọ́la. Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ á ga díẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, á tún wálẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìyàtọ̀ rẹ̀ ò sì ju mílíbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Mílíbà lèmi ṣì ń pè é. Láti 2011 ni wọ́n ti ń pè é ní hectopascal lọ́dọ̀ yín, ohun kan náà ni. Mílíbà kan tó nǹkan bí 27 ẹsẹ̀ bàtà lórí áltímítà. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí áltímítà rẹ̀ ní Ìlọrin láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, irọ́ tí ẹ̀rọ náà máa pa fún un ò lè ju 110 ẹsẹ̀ bàtà lọ.

Ibi tí o wà báyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìjì máa ń gba orí Òkun Àtìláńtíìkì wọ Britain, QNH á sì já láti 1030 sí 985 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Apá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí Wales wà, ló máa ń kọ́kọ́ kàn, ibẹ̀ gan-an lo sì dojú kọ. Bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní o gbéra pẹ̀lú 1018, tí o ò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́ lójú ọ̀nà, tí ó sì ti di 1008 ní Wales. Áltímítà rẹ á máa sọ pé 3,800 ẹsẹ̀ bàtà lo wà. Ọkàn rẹ á balẹ̀, torí 3,560 ni ṣóńṣó Snowdon. Àmọ́ 270 nínú rẹ̀ irọ́ ni, ọmọ mi. 3,530 lo wà. Orí òkè náà ga jù ọ́ lọ, bí ìkùukùu bá sì bò ó, o ò ní rí i. Bí òtútù bá tún mú, á burú sí i: fún ìwọ̀n Celsius 10 tí afẹ́fẹ́ bá fi tutù ju bí wọ́n ṣe ro ó nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ náà, yọ nǹkan bí 4 nínú 100 kúrò nínú gíga tí o ń kà.

O ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ràn QFE, kí áltímítà máa ka òdo lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá ń yí po pápá yín nìkan, mi ò bá wọn jà. Bí o bá ti jáde kúrò níbẹ̀, yí i sí QNH kíá. Láti ojú òkun ni wọ́n ti wọn àwọn òkè àti ààlà òfurufú tó wà nínú máàpù rẹ. Bí pápá yín bá fi 200 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, tí o sì gbé QFE rìn, 200 lo fi ga ju ohun tí o ń kà lọ, o sì lè já sí òfurufú àwọn bàlúù ńlá láìgbàṣẹ.

Ti Paris ló ń dùn mí jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi fún bàlúù akérò kan ní 1011 dípò 1001. Àwọn awakọ̀ ka 1011 padà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó fura. Bàlúù náà sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré kó kanlẹ̀, kò sì tíì dé ojú ọ̀nà tí wọ́n ń bà sí, kó tó tún gòkè. Kò sẹ́ni tó kú. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, torí mo mọ bí ẹnu ṣe ń ṣì.

Awakọ̀ kan ka 1031 padà fún mi rí, 1013 ni mo sọ. Mo mú un lójú ẹsẹ̀, torí a kì í rí 1031 nílé. Lọ́dọ̀ yín, méjèèjì ló lè jẹ́ òótọ́, etí ò ní ta ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, má ṣe gba nọ́ńbà lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Fi ohun tí wọ́n sọ wé METAR, ìròyìn ojú ọjọ́ tí pápákọ̀ òfurufú ń gbé jáde, fi wé ti ibùdó tó kàn. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, ní kí wọ́n tún un sọ, má ṣe tijú. Bí o bá sì yí i tán lórí ilẹ̀, wò ó bóyá ó ka gíga pápá yín, bí tìrẹ ṣe máa ń ka 1,100 àti díẹ̀ ní Ìlọrin.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí o tó tan ẹ́ńjìnnì, kọ QNH pápá yín àti ti ibùdó tó súnmọ́ Snowdon jù lọ ránṣẹ́ sí mi. Fóònù á wà lọ́wọ́ mi láti ìdájí. Màá kà wọ́n padà fún ọ.

Ìyá rẹ