Ọmọ ajá tó ń tiro: ẹ fi kàsíọ́mù sílẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, kí ọmọ ajá Jámánì sáà tiro lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹnu àdúgbò á máa sọ pé: "Egungun rẹ̀ ò lágbára, ra kàsíọ́mù fún un." Ìmọ̀ràn yìí ń ba ẹsẹ̀ ajá jẹ́ ju títiro náà lọ.

Ìrora inú egungun gígùn ló sábà máa ń fa títiro yìí: láti ọmọ oṣù 5 sí ọmọ oṣù 12 ló máa ń mú ajá ńlá tó ń yára dàgbà, akọ ló sì ń ṣe jù. Ó máa ń ṣí kiri: lónìí ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 ó ti dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, ẹ dá ajá dùbúlẹ̀, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú nítorí eyín. Ẹ fi àtàǹpàkò ti ẹran ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ yín kan egungun gan-an, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí ẹ bá dé àárín egungun tó ké, àmọ́ tí ẹ ká ìgúnpá àti orúnkún rẹ̀ tí kò janpata, òun nìyẹn. Fọ́tò egungun lè má tíì fi hàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fi ìyẹn bá dókítà ẹran jà.

Yóò lọ fúnra rẹ̀. Kí ajá sinmi, kó má fò, kó má sì sáré tẹ̀lé zémíjàn (ọ̀kadà). Oògùn ìrora, dókítà ẹran ló ń fi ìwọ̀n ara ajá pín in. Ibuprofen tàbí diclofenac tí ẹ rà fún ara yín lè dá egbò sí inú ajá, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ n padà sórí kàsíọ́mù. Ajá àgbà lè kọ èyí tó pọ̀ jù, ìfun ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 6 kò lè kọ̀ ọ́. Ohun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ ló ń gbà, egungun kì í wá dàgbà bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ á sì wọ́. Ẹ ka ẹ̀yìn àpò oúnjẹ: kí wọ́n kọ "chiot grande race" (ọmọ ajá irú ńlá) sí i, kí kàsíọ́mù ("calcium") wà láàárín 1 sí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi hóró kan kún un, ìbáà ṣe ìyẹ̀fun èèpo ẹyin. Àkàsà pẹ̀lú ẹran lásán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: kàsíọ́mù kò tó níbẹ̀, egungun á rọ̀, á sì ṣẹ́ lásán. Síbẹ̀ kí dókítà wọn èyí tí ẹ máa fi kún un, ẹ má bu ú.

Ẹ má fún un ní àjẹyó. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e, kí ẹ rí egungun ìhà rẹ̀ fọwọ́ bà láìtẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tiro ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, èjìká, ìgúnpá tàbí ìbàdí ni kí wọ́n wò. Bí ọrùn ọwọ́ bá wú tó ń gbóná, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná ju 39.5°C lọ, tí eégbọn sì wà lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà.

Òǹkàwé yín, Àjàṣẹ́