Ẹ Má Jẹ́ Kí Gẹ̀ẹ́sì Yọ Ọlọ́run Kúrò Nínú Òwe Pólándì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn òwe ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá máa ń tẹ̀ jáde ni mo fẹ́ sọ sí, pàápàá ti Pólándì. Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ọ̀nà yẹn sì ni Ọlọ́run ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú wọn. “Kto rano wstaje, temu Pan Bóg daje”: ẹni tó bá tètè jí ni Olúwa Ọlọ́run ń fún. Ẹyẹ tó jí ní kùtùkùtù tó rí kòkòrò jẹ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹyẹ, kò sí kòkòrò lẹ́nu ará Pólándì.

Láti ọdún 966 tí Mieszko, olórí wọn, ti ṣe ìrìbọmi ni ìsìn Kátólíìkì ti ń wọ inú ìkíni, oko àti ilé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tú irú èdè bẹ́ẹ̀ ní láti fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀. “Gość w dom, Bóg w dom” kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kankan, ṣùgbọ́n “w dom” ń tọ́ka sí ìwọlé; “w domu” ni wọn ì bá lò ká ní wíwà nílé ni. “Àlejò wọlé, Ọlọ́run wọlé” ló tọ̀nà, kì í ṣe “Àlejò wà nílé”. Lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, wọ́n máa ń gbé àwo kan sórí tábìlì fún àlejò tí ẹnikẹ́ni ò retí. Òmíràn tó rọ̀ mọ́ èdè wa dáadáa ni “Strzeżonego Pan Bóg strzeże”: ẹni tó bá ṣọ́ra ni Ọlọ́run ń ṣọ́.

Ìkíni ló ń da àwọn atúmọ̀ láàmú jù. “Bóg zapłać” kì í ṣe “ẹ ṣeun” lásán. “Kí Ọlọ́run san án fún yín” ni, ẹni tó fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ la sì ń sọ ọ́ fún, bíi ẹni tó dá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fún ọjà tí a fowó rà, “dziękuję”, ìyẹn “ẹ ṣeun”, ló yẹ. Wọ́n tún ń sọ pé èèyàn ń ṣiṣẹ́ “za Bóg zapłać”, ìyẹn ni pé kò gba kọ́bọ̀. Tí a bá ti kọ “ẹ ṣeun” síbi àkọ́kọ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ò ní yé ẹnikẹ́ni. “Szczęść Boże”, kí Ọlọ́run bùkún yín, ni wọ́n fi ń kí àlùfáà, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ oko, àti awakùsà èédú ní Silesia, ẹkùn kan ní gúúsù Pólándì. “Daj Boże”, kí Ọlọ́run fi fún wa, lè jẹ́ èsì rẹ̀. Àroko-bọ́dún-dé tiwa ló sún mọ́ ọn jù.

Ẹ má sì rò pé gbogbo òwe tó dárúkọ Ọlọ́run ló ń yin olùfọkànsìn. “Jak trwoga, to do Boga”, ìbẹ̀rù dé, ó di ọ̀dọ̀ Ọlọ́run: ìbáwí ni. “Modli się pod figurą, a diabła ma za skórą” ń bú alágàbàgebè tó ń gbàdúrà nídìí ère ẹni mímọ́, tí bìlísì sì wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Bìlísì ni kí a kọ. Òótọ́ ni pé Bíbélì Yorùbá lo Èṣù, ṣùgbọ́n “diabeł”, bìlísì lédè wọn, kì í ṣe òrìṣà tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ẹ jọ̀ọ́.

“Jak u Pana Boga za piecem”, bíi ẹni tó wà lẹ́yìn ààrò Olúwa Ọlọ́run, nílò àlàyé. Létí wa, ààrò lè di iná ìyà. Lọ́dọ̀ tiwọn, nígbà òtútù, ẹ̀yìn ààrò ńlá ni ibi tó móoru jù nínú ilé. Ìdẹ̀ra ni òwe náà ń sọ. Bákan náà ni ti ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́: “Święta Barbara po lodzie, Boże Narodzenie po wodzie” kò lè yé ẹni tí kò mọ̀ pé ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ni ti Barbara. Bí omi bá dì lọ́jọ́ náà, yóò ti yọ́ nígbà Kérésìmesì. Kí a kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá ń tẹ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí ti Pólándì wà lókè ìtumọ̀, pẹ̀lú àmì orí àti ìdí lẹ́tà wọn pátá. Àmì orí “ó” nínú “Bóg” kì í ṣe àmì ohùn òkè, “Buk” ni wọ́n ń pè é. Ìró “ł” dà bíi “w” wa, “ą” fara jọ “ọn”, “ę” sì fara jọ “ẹn”.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín