Ẹ má fi ojú kan náà wo fídíò àti timecode

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lójú ewé ìmọ̀ ẹ̀rọ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tẹ́ ẹ ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ so fídíò analog àti timecode (àmì tó ń sọ àkókò àwòrán kọ̀ọ̀kan) mọ́ IC (ṣíìpù inú ẹ̀rọ), kó ṣáà fi kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan sójú ọ̀nà wọn, ó parí. Kò parí o! Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú IC tí ò ṣẹ̀ mí.

Fídíò composite tó ń ti inú kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ káséẹ̀tì bọ̀, látìsàlẹ̀ ẹ̀ dé òkè ẹ̀ ò ju bíi volt 1 lọ. Tó bá jẹ́ PAL, ọ̀kan lára àwọn ìlànà fídíò, 0.7 tòkè ni àwòrán, 0.3 tìsàlẹ̀ ni sync tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ìlà kan ti tán, òmíì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ orí rẹsítọ̀ 75 ohm la ti ń wọn volt 1 yẹn, ẹyọ kan péré ni rẹsítọ̀ ọ̀hún, ìparí wáyà ló sì ń wà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kó sí wàhálà. Bọ́ọ̀dù mi ní 75 tiẹ̀, mo tún wá pín wáyà kan náà lọ sára mọnítọ̀ tó ní tiẹ̀ nínú, mi ò tiẹ̀ ronú kàn án, 75 méjì bá pàdé wọ́n di 37.5, volt 1 bá wálẹ̀ di bíi 0.67. Ìgbà tí mo gbé skópù, ẹ̀rọ tó ń fi ìrísí volt hàn, lé e ni mo tó rí i pé sync tó yẹ kó jẹ́ 0.3 ti di 0.2, àwòrán ń já ó ń yí, èmi sì ti ń pariwo pé ayédèrú IC ni wọ́n tà fún mi. Tẹ́ ẹ bá tún wá yọ 75 méjèèjì kúrò, á fò sókè di volt 2, ìyẹn náà ò da.

Mi ò ní kapásítọ̀ ò dáa o. LM1881 tí ọ̀pọ̀ wa fi ń yọ sync kúrò lára fídíò, 0.1 microfarad ló ń béèrè lẹ́sẹ̀ 2, pẹ̀lú 680 kilo-ohm lẹ́sẹ̀ 6. Ṣùgbọ́n kapásítọ̀ kì í jẹ́ kí DC, ìyẹn volt tó dúró sójú kan, kọjá, tí DC ò bá sì sí mọ́, ipò tí dúdú wà á máa rìn kiri, tí àwòrán bá mọ́lẹ̀ gbogbo ẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, tó bá ṣókùnkùn gbogbo ẹ̀ á gòkè. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tó máa di ìdí sync mú sójú kan, clamp là ń pè é, LM1881 ní tiẹ̀ nínú. IC tí ò ní, tó jẹ́ pé 5 volt àti gráǹdì nìkan ló ń lò, sync tó bọ́ sábẹ́ òdo ló máa kọ́kọ́ gé dànù, ohun tẹ́ ẹ sì ń wá gan-an nìyẹn.

Timecode wá ńkọ́? LTC, ìyẹn timecode tí wọ́n ń gbà sójú ọ̀nà ohùn, kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ fídíò rárá, ohùn ló jọ. Bit 80 ló wà fún fírémù kan, ìyẹn àwòrán kan, tó bá jẹ́ fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 2000 bit nìyẹn. Bit tó jẹ́ òdo máa yí lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jẹ́ 1 máa yí lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn nìkan ni IC fẹ́ mọ̀, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gbé wáyà méjèèjì ẹ̀ sódì ó máa kà á. Kò nílò clamp, comparator, ìyẹn IC tó ń fi volt méjì wéra, ló nílò, bíi LM393. Ẹ fi rẹsítọ̀ 10 kilo-ohm méjì gbé ẹnu ẹ̀ sí ìdajì 5 volt, kẹ́ ẹ tún fi rẹsítọ̀ ńlá kan dá díẹ̀ padà láti ibi àbájáde sí ẹnu tó ní àmì ròpọ̀, kí ariwo kékeré má bàa jẹ́ kó yí nígbà tí kò yẹ. Ẹ má gbàgbé rẹsítọ̀ tó máa fa àbájáde sókè o, LM393 mọ bí wọ́n ṣe ń fa nǹkan wálẹ̀ ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè.

Kapásítọ̀ 0.1 tẹ́ ẹ kọ fún fídíò, ẹ ò lè fi ṣe èyí. Pẹ̀lú 10 kilo-ohm méjì yẹn, láti bíi 320 hertz lọ sísàlẹ̀ ló ti ń pa á, tí èèyàn bá sì rọra ń yí téèpù ní ìdá mẹ́wàá eré ẹ̀, 100 sí 200 hertz ni timecode ń rìn, ó ti kú nìyẹn. 10 microfarad lèmi ń lò.

VITC, oríṣi timecode mìíràn, nìkan ló bá fídíò lọ, torí inú fídíò gan-an ló wà, lórí ìlà 19 àti 21 lọ́pọ̀ ìgbà tó bá jẹ́ PAL, òun sì ni wọ́n lè kà tí téèpù bá dúró gbagidi. Ìyẹn nílò clamp.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún àwòrán ojú ewé yẹn yà, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì fi 75 ohm síbi tí ojú á ti tètè rí i, ẹyọ kan ṣoṣo.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tó ń tún ẹ̀rọ fídíò ṣe